Kílò kọ́ ni adìyẹ ń jẹ: Ìṣirò agbára inú oúnjẹ adìyẹ

Nínú náírà mẹ́wàá tí ọlọ́sìn adìyẹ bá ná, náírà mẹ́fà sí méje ló máa ń bá oúnjẹ lọ. Ohun tó kù ni owó òògùn, owó iná, owó òṣìṣẹ́ àti owó ilé adìyẹ máa ń pín láàrin ara wọn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ jèrè nínú òwò yìí, ìdí àpò oúnjẹ ló ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ojú rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì péré ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ń wò bí wọ́n bá fẹ́ ra oúnjẹ: iye tí wọ́n ń ta àpò kan, àti bóyá ìwọ̀n rẹ̀ pé kílò 25.

Nǹkan kẹta wà tó ju méjèèjì lọ, òun sì ni agbára tó wà nínú oúnjẹ náà. Àpò méjì lè wọ̀n bákan náà, kí àwọ̀ wọn jọra, kí òórùn wọn jọra, kí owó ọ̀kan sì dín sí ti èkejì. Ẹni tó ra èyí tó dínwó lè máa yọ̀ pé òun ti rí ọjà gọ́pọ̀. Bí oṣù bá wá parí tí kò rí èrè tó ń retí, yóò máa fura sí òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú adìyẹ, tàbí sí ẹni tó ta òròmọ fún un, nígbà tó jẹ́ pé inú àpò ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Àti àwọn tó ń sin adìyẹ 100 sẹ́yìn ilé ní Agbowó, àti àwọn tó ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ́nà Challenge, ìṣirò kan náà ló kan gbogbo wọn. Ìṣirò náà kò le. Ẹni tó bá lè ṣírò owó ẹyin lè ṣe é.

Kí ni wọ́n ń pè ní agbára?

Agbára ni adìyẹ fi ń mí, òun ló fi ń rìn, òun ló fi ń mú ara rẹ̀ gbóná, òun náà ló sì fi ń dàgbà tó fi ń yé ẹyin. Inú oúnjẹ ló ti ń rí i. Bí wọ́n ṣe ń fi kílò wọn ẹran, tí wọ́n ń fi lítà wọn epo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kìlókálórì wọn agbára. Kcal ni wọ́n máa ń kọ sára àpò. Kìlókálórì kan ni agbára tó lè mú kí omi lítà kan gbóná sí i ní díńgírì Celsius kan.

Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ mọ agbára inú nǹkan, wọ́n á jó o ráúráú nínú irinṣẹ́ kan tí omi yí ká, wọ́n á wá wo bí omi náà ṣe gbóná tó. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò parí síbẹ̀. Ẹni tó bá dé ọjà pákó ní Bódìjà yóò rí lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń gé dà sílẹ̀ lára igi. Lẹ́búlẹ́bú yìí máa ń jó dáadáa nínú ààrò, ó lè se odidi ìkòkò ìrẹsì jinná. Èyí fi hàn pé agbára wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá da àpò kan rẹ̀ síwájú adìyẹ, ebi ni yóò pa adìyẹ náà kú. Ikùn adìyẹ kò lè fọ́ igi, bó bá ṣe wọlé náà ni yóò ṣe bá ìgbẹ́ jáde.

Nítorí náà, ohun tó kan ọlọ́sìn kì í ṣe gbogbo agbára tó wà nínú oúnjẹ, bí kò ṣe èyí tí ara adìyẹ rí lò nínú rẹ̀. Wọ́n á mú gbogbo agbára tó wà nínú oúnjẹ, wọ́n á yọ èyí tó bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀, ojú kan náà sì ni méjèèjì ń gbà jáde lára adìyẹ. Ohun tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń pè ní metabolizable energy ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n gé kúrú sí ME lára àpò. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ME 2,550 kcal/kg, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú kílò kan oúnjẹ náà, adìyẹ yóò rí kìlókálórì 2,550 lò.

Agbára inú èròjà kọ̀ọ̀kan

Àwọn èròjà tí wọ́n ń pò pọ̀ di oúnjẹ adìyẹ kò lágbára bákan náà. Iye tó tẹ̀lé yìí ni agbára tí adìyẹ máa ń rí lò nínú kílò kan, bí wọ́n ṣe sábà máa ń lò ó fún ìṣirò. Ó lè lé díẹ̀ tàbí kó dín díẹ̀, nítorí irúgbìn, ilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tọ́jú èròjà náà yàtọ̀ síra:

Àgbàdo gbígbẹ: 3,400 kcal
Ọkà bàbà: 3,200 sí 3,300 kcal
Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bó, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀: nǹkan bíi 3,000 kcal
GNC, ìyẹn ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀: 2,600 kcal
Sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀: 2,300 kcal
PKC, ìyẹn èkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀: 2,100 kcal
Èérí àlìkámà, tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní wheat offal: 1,800 kcal, èyí tí èèpo bá sì pọ̀ nínú rẹ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀
Epo pupa: nǹkan bíi 8,000 kcal
Òkúta láìmù, ìkarahun lílọ̀ àti iyọ̀: òdo

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí ọlọ́sìn mú jáde nínú èyí. Àkọ́kọ́ ni pé àgbàdo ni ọba láàrin wọn, nítorí sítáàṣì ló kún inú rẹ̀, ara adìyẹ sì tètè ń lò ó. Èkejì ni pé bí èèpo bá ṣe pọ̀ tó nínú èròjà, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí adìyẹ ń rí níbẹ̀ ṣe máa ń kéré tó. Ohun tó fa èérí àlìkámà àti PKC sẹ́yìn nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n bá jó wọn nínú iná, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àgbàdo. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀rá àti epo fi ìlọ́po méjì lé díẹ̀ ju sítáàṣì lọ, ìdí nìyí tí epo díẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ní ti láìmù àti ìkarahun, wọ́n wúlò fún èèpo ẹyin, ṣùgbọ́n wọn kò fún adìyẹ ní agbára kankan.

Adìyẹ ń jẹun títí agbára yóò fi tó o

Ní ọdún 1954, àwọn onímọ̀ méjì, Hill àti Dansky, ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí òròmọdìyẹ. Wọ́n fún àwọn adìyẹ ní oúnjẹ tí agbára rẹ̀ yàtọ̀ síra. Wọ́n rí i pé bí agbára oúnjẹ bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn adìyẹ ń jẹ púpọ̀ sí i láti fi dí àlàfo náà. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ adìyẹ káàkiri ayé. Adìyẹ tó ń yé ẹyin kò mọ kílò, kò sì mọ àpò. Agbára tó nílò fún ọjọ́ náà ló ń wá kiri, kì í sì í fẹ́ ṣíwọ́ títí tí yóò fi rí i.

Adìyẹ ayéyin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń lo nǹkan bíi kìlókálórì 290 lóòjọ́. Ó lè lé díẹ̀ fún èyí tó tóbi, ó sì lè dín díẹ̀ fún èyí tó kéré. Láti ara iye yìí ni ìṣirò èrè àti àdánù ti bẹ̀rẹ̀.

Ká ní ọlọ́sìn méjì wà, ọ̀kan ní Challenge, èkejì ní Agbowó, tí oníkálukú wọn ní adìyẹ ayéyin 1,000. Ti Challenge po oúnjẹ rẹ̀ báyìí nínú kílò 100: àgbàdo kílò 50, èérí àlìkámà 15, sóyà 14, GNC 6, PKC 5, láìmù àti egúngún lílọ̀ 9.4, iyọ̀ àti àwọn èròjà kéékèèké 0.6. Bí a bá sọ kílò èròjà kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po agbára rẹ̀, àgbàdo mú 170,000 wá, èérí àlìkámà mú 27,000, sóyà mú 32,200, GNC mú 15,600, PKC sì mú 10,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 255,300. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, kílò kan ní 2,553 kcal.

Ti Agbowó rí i pé àgbàdo ti gbówó lórí. Ó yọ kílò 15 kúrò nínú àgbàdo, ó fi èérí àlìkámà kílò 15 rọ́pò rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ìyókù. Ìwọ̀n àpò kò yí padà, ṣùgbọ́n agbára inú kílò kan ti já wá sí 2,313 kcal.

Adìyẹ tó wà ní Challenge yóò rí 290 rẹ̀ nínú oúnjẹ gíráàmù 114. Ti Agbowó yóò jẹ tó gíráàmù 125 kó tó rí iye kan náà. Gíráàmù 11 sí 12 kò ju ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fún adìyẹ 1,000, ó lé ní kílò 11 lóòjọ́. Bí ọjọ́ 30 bá pé, oúnjẹ tí ti Agbowó fi ju ti Challenge lọ jẹ́ nǹkan bíi kílò 354, ìyẹn àpò 14.

Ìgbà wo ni oúnjẹ tó dínwó jẹ́ èrè?

Eléyìí kò sọ pé ti Agbowó ṣàṣìṣe o. Ohun tó sọ ni pé ó gbọ́dọ̀ mọ iye tó yẹ kí oúnjẹ náà fi dínwó. Bí a bá fi 2,313 wé 2,553, kò ju ìdá 90.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, bí àpò ti Challenge bá jẹ́ náírà 10,000, ti Agbowó kò gbọdọ̀ ju náírà 9,060 lọ kí wọ́n tó lè sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n. Bó bá jẹ́ 9,300, àdánù ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi 700 náírà dínwó lójú ọjà. Bó bá jẹ́ 8,700, èrè wà níbẹ̀. Náírà tí a lò yìí kì í ṣe iye ọjà, àpẹẹrẹ ni. Iye ọjà lè yí padà lọ́la, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò ní yí padà.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń ṣírò owó èròjà. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò pín owó kílò kan sí iye agbára inú rẹ̀, yóò wá sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000. Bí kílò àgbàdo bá jẹ́ náírà 400, kìlókálórì 1,000 inú rẹ̀ jẹ́ náírà 118. Bí kílò èérí àlìkámà bá jẹ́ náírà 250, kìlókálórì 1,000 inú rẹ̀ jẹ́ náírà 139. Èyí tó dínwó nínú kílò ti wá di èyí tó wọ́n jù nínú agbára. Lóòótọ́, èérí àlìkámà tún ń mú èròjà amúaradàgbà wá ju àgbàdo lọ, ó sì yẹ kí wọ́n ka ìyẹn sí i lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rà á nítorí agbára nìkan ti ra ọ̀wọ́n.

Fún ẹni tí kò fẹ́ ṣe ìṣirò púpọ̀, nọ́ńbà kan wà tó lè dúró fún gbogbo rẹ̀: kílò oúnjẹ tó wọlé fún kíréètì ẹyin kan. Bí adìyẹ 1,000 bá yé ẹyin 800 lóòjọ́, kíréètì 26 àti ẹyin 20 nìyẹn. Ti Challenge lo oúnjẹ nǹkan bíi kílò 4.3 fún kíréètì kan. Ti Agbowó lo nǹkan bíi kílò 4.7. Bí ọlọ́sìn bá ń kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò tètè mọ̀ bí ohun kan bá ti yí padà nínú oúnjẹ rẹ̀, kódà bí ẹni tó tà á fún un kò bá sọ.

Amúaradàgbà lè tan ọlọ́sìn jẹ

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè bí wọ́n bá dé ìsọ̀ olóúnjẹ adìyẹ ni iye amúaradàgbà, ìyẹn protein. Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n kò tó. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, oúnjẹ Challenge ní amúaradàgbà nǹkan bíi 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Agbowó, tí agbára rẹ̀ ti já wálẹ̀, ní nǹkan bíi 17.7. Ẹni tó bá wo amúaradàgbà nìkan yóò sọ pé ti Agbowó ló dára jù. Bí agbára kò bá sì tó, ara adìyẹ yóò jó amúaradàgbà náà bí ẹni ń jó igi ìdáná, bẹ́ẹ̀ èròjà olówó gọbọi ni.

Àpọ̀jù agbára náà ní ewu tirẹ̀. Bí agbára bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, adìyẹ yóò tètè yó, kò sì ní jẹ púpọ̀. Amúaradàgbà àti kálísíọ́mù tó yẹ kó rí nínú oúnjẹ ọjọ́ náà yóò dín kù. Ẹyin yóò kéré, èèpo rẹ̀ yóò fúyẹ́, ọ̀rá yóò sì gba ikùn adìyẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń so agbára àti amúaradàgbà pọ̀. Fún adìyẹ ayéyin, ohun tí wọ́n sábà máa ń lò ni agbára 2,500 sí 2,700 kcal pẹ̀lú amúaradàgbà 16 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún broiler, ìyẹn adìyẹ ẹran, oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀ máa ń wà láàrin 2,800 sí 3,000 pẹ̀lú 22 sí 23. Ti ìparí máa ń wà láàrin 3,000 sí 3,200 pẹ̀lú 19 sí 20. Broiler kò fi bẹ́ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣíwọ́ oúnjẹ bíi ti ayéyin, nítorí jíjẹ púpọ̀ ni wọ́n fi ṣẹ̀dá irú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fún un ní oúnjẹ aláìlágbára yóò rí i nínú ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ títà.

Bí àgbàdo bá wọ́n

Kò sí ọlọ́sìn tó ti gbàgbé ọdún 2020. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún náà, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, pàṣẹ pé kí àwọn báńkì má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní owó ilẹ̀ òkèèrè mọ́ láti fi ra àgbàdo wọlé. Àgbàdo gbówó lórí, igbe àwọn ọlọ́sìn adìyẹ sì ta sókè. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí i kí wọ́n kó tọ́ọ̀nù 30,000 àgbàdo jáde látinú àká ìjọba fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, wọ́n sì gba ilé iṣẹ́ mẹ́rin láyè láti kó tọ́ọ̀nù 262,000 wọlé látòkèèrè. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbé gbogbo agbára oúnjẹ adìyẹ rẹ̀ lé àgbàdo nìkan yóò máa gbọ̀n nígbàkigbà tí ọjà bá mì.

Ọkà bàbà ló sún mọ́ àgbàdo jù nínú agbára, kìkì pé kí wọ́n yẹra fún èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú tó sì korò, nítorí èròjà tannin tó wà nínú rẹ̀ máa ń dí adìyẹ lọ́wọ́ láti lo oúnjẹ. Ẹ̀gẹ́ gbígbẹ náà ṣe é lò. Bí wọ́n bá fi kílò 10 ẹ̀gẹ́ rọ́pò kílò 10 àgbàdo nínú kílò 100, agbára kílò kan yóò fi nǹkan bíi 40 kcal péré dín. Ṣùgbọ́n amúaradàgbà inú ẹ̀gẹ́ kò ju 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí ti àgbàdo tó 9, nítorí náà sóyà gbọ́dọ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ̀gẹ́ kò sì ní àwọ̀ tí àgbàdo pupa fi ń kun inú ẹyin. Oníbàárà tó bá ra ẹyin ní Dùgbẹ̀, tó fọ́ ọ, tó rí i pé pupa inú rẹ̀ funfun, lè má padà wá.

Ìbàdàn yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èèpo ẹ̀gẹ́. Èèpo tútù léwu fún adìyẹ nítorí oró cyanide, bó bá sì pẹ́ nínú oòrùn kó tó gbẹ, ńṣe ló máa ń bu. Àwọn onímọ̀ ILRI, tí ọ́fíìsì wọn wà nínú ọgbà IITA, wá ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń rin èèpo náà bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́ gààrí, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á kù ú, wọ́n á sì sá a tàbí kí wọ́n yan án. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. HQCP ni wọ́n ń pè é. Agbára rẹ̀ kò tó ti àgbàdo, nítorí náà ìṣirò kìlókálórì 1,000 tó wà lókè yìí ni yóò sọ bóyá iye tí wọ́n ń tà á bọ́ sí i.

Omi inú àgbàdo kì í ṣe oúnjẹ

Láàrin oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, tí àgbàdo tuntun ń wọ ọjà, owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ ní Bódìjà, ọ̀pọ̀ sì máa ń sáré kó o. Ṣùgbọ́n àgbàdo tuntun máa ń tutù. Iye 3,400 tó wà lókè yìí, ti àgbàdo tí omi inú rẹ̀ kò ju 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ni. Bí omi náà bá tó 20, agbára inú kílò kan yóò já sí nǹkan bíi 3,090. Ẹni tó ra tọ́ọ̀nù kan irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ ní iye owó ti gbígbẹ ti pàdánù agbára tó wà nínú kílò 91 àgbàdo gbígbẹ. Kò tíì ka ti bíbu mọ́ ọn o. Àgbàdo tó bu máa ń ní oró aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ adìyẹ jẹ́.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n láìsí ẹ̀rọ. Kí wọ́n wá ìgò gbígbẹ kan tó ní ìdérí, kí wọ́n da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sí i pẹ̀lú ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀, kí wọ́n dé e, kí wọ́n mì í fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ti ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kí wọ́n sá a sí i, tàbí kí wọ́n fi bá ẹni tó ń tà á dúnàádúrà.

Ìgbà ooru

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, tí ooru bá mú ní Ìbàdàn, adìyẹ kì í fẹ́ jẹun, nítorí oúnjẹ tó ń dà nínú ikùn máa ń fi ooru kún ooru. Àkókò yìí gan-an ni oúnjẹ aláìlágbára ń ṣèpalára jù. Nígbà òtútù, adìyẹ lè jẹ gíráàmù 125 láti fi dí àlàfo. Nínú ooru, kò lè jẹ ẹ́. Ẹyin ni yóò fi san án.

Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fún adìyẹ lóúnjẹ ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù, kí omi tútù má sì wọ́n wọn. Epo díẹ̀ tún lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fi kílò 2 epo rọ́pò kílò 2 àgbàdo nínú kílò 100, agbára kílò kan yóò fi nǹkan bíi 92 kcal lé sí i, ooru tí epo sì ń dá sílẹ̀ nínú ara bó bá ń dà kò tó ti àwọn èròjà yòókù. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ní epo kì í pẹ́ kó tó korò. Kí wọ́n po èyí tí wọ́n lè lò tán láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ẹni tó ń ra oúnjẹ tó wà nínú àpò gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kó wá ibi tí wọ́n kọ ME sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó béèrè. Ẹni tó ń gbé èròjà lọ sílé ọlọ gbọ́dọ̀ dúró tì í kí wọ́n wọn èròjà kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, kó sì gba ìwé ìpò rẹ̀ sọ́wọ́. Ẹni tó ń rà á fún adìyẹ púpọ̀ lè kó díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwádìí tó bá ní yàrá àyẹ̀wò oúnjẹ ẹran. Kò jìnnà sí ará Ìbàdàn: Yunifásítì Ìbàdàn tó dojú kọ Agbowó ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn, ilé ìwádìí IAR&T sì wà ní Moor Plantation. Omi, amúaradàgbà, ọ̀rá, èèpo àti eérú ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò, láti ara ìwọ̀nyí ni wọ́n sì ti ń ṣírò agbára.

Àyẹ̀wò tó sún mọ́lé jù ni ti ọlọ́sìn fúnra rẹ̀. Bí ọpọ́n bá ń tètè gbẹ, tí adìyẹ sì ń rù, agbára ni kò tó. Bí oúnjẹ bá ń ṣẹ́ kù, tí adìyẹ ń sanra, tí èèpo ẹyin sì ń fúyẹ́, ó ṣeé ṣe kí agbára ti pọ̀ jù. Òṣùwọ̀n kan, ìwé kan àti bírò kan tó láti mọ̀ ọ́n: kílò tó wọlé láàárọ̀, kíréètì tó jáde nírọ̀lẹ́. Bí oúnjẹ tí kíréètì kan ń jẹ bá ti kúrò ní 4.3 tó ń lọ sí 4.7, kí ọlọ́sìn tó pààrọ̀ òṣìṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ wo àpò.